Ọ̀bẹ Adákẹ́ Tí Mo Fi Àdín Sí

Ìyá ọkọ mi kì í pariwo bí inú bá bí i. Ohùn rẹ̀ á kàn lọ sílẹ̀ ni, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n á ti mọ̀ pé ọ̀ràn ti ṣẹlẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ó dúró ní ẹnu ìsọ̀ wa ní Ìlútítun, àpò ìrìn àjò rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ kíká kan nínú àtẹ, ó ṣí i, ó kọ ṣóńṣó rẹ̀ sókè. Ojú ọ̀bẹ náà já wálẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì padé. Ó tún ṣí i, ó tún padé. Ó wá bi mí jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bi ọmọ kékeré:

"Ìyàwó, ta ló fi àdín sí ìdí ọ̀bẹ yìí?"

"Èmi ni, Ìye." Bí a ṣe ń pe ìyá nìyẹn lọ́dọ̀ wa.

"Mélòó lo ti tà nínú wọn?"

Mo ní mẹ́rin ni, ní ọjọ́ ọjà kan ṣoṣo. Ẹ má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín mi. Mo ń retí kó yìn mí ni, torí pé láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi wọlé, kò tíì sí ọjọ́ kan tí èmi nìkan ta adákẹ́ méjì, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ mẹ́rin.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ọ̀bẹ ná, torí ẹni tí kò bá mọ ọ̀bẹ á rò pé ọ̀rọ̀ kékeré là ń sọ. Ìdílé Mùsùlùmí ni wọ́n fi mí fún, ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n, irin ni wọ́n sì ń tà: àdá, ọkọ́, ìṣó, àgádágodo, gíláàsì àtùpà, àti ọ̀bẹ kíká. Ọ̀bẹ kíká ni èyí tí ojú rẹ̀ ń ká wọ inú èkù, tí èèyàn lè kì bọ àpò láìgún itan ara rẹ̀. Lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, kò sí ọkùnrin tó ń wọ igbó nílẹ̀ Ìkálẹ̀ tí kò fẹ́ ní ọ̀kan: àwọn tó ń gé gẹdú, àwọn tó ń já okùn igbó, àwọn tó ń kọ ẹyìn, àwọn adẹ́mu. Ọ̀bẹ inú àkọ̀ dára o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi igbà gun ọ̀pẹ rí mọ̀ pé àkọ̀ máa ń há mọ́ ara igi, ọ̀bẹ á sì yọ bọ́ sílẹ̀, tàbí kó yí padà gún ẹni tó ni ín níkùn.

Irú méjì la ń tà, ìyá ọkọ mi ló sì sọ wọ́n lórúkọ. Èkíní ni afọhùn. Irin pẹlẹbẹ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń tì í. Bí o bá ṣí i, á dún "kọ́," á sì dúró gbọn-in. Èkejì ni adákẹ́, tí kò ní irin ẹ̀yìn kankan. Ìṣó kan ló de ojú rẹ̀ mọ́ èkù igi, bí ìṣó yẹn sì ṣe le tó nìkan ló ń gbé ojú ọ̀bẹ dúró. Àwọn ará ìlú fẹ́ràn afọhùn torí pé ó ń dán, ó sì ń dún. Tíṣà kan ra ọ̀kan, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé níwájú àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ títí irin ẹ̀yìn rẹ̀ fi kán kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Ó gbé e wá, ó ní òkú ọ̀bẹ la tà fún òun. Ìyá ọkọ mi yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Tíṣà, kò kú o. Ọ̀rọ̀ ló sọ jù."

Àwọn tó ń gun igi kì í ra afọhùn. Ọwọ́ méjì ló gbà láti ṣí i, èékánná lo sì máa fi fà á yọ. Adẹ́mu tó wà lókè ọ̀pẹ kò ní ọwọ́ méjì tó ṣófo; ọ̀kan á wà lára igi tàbí lára akèrègbè. Adákẹ́ ni tirẹ̀, torí eyín ló máa fi fà á jáde, á gé ojú ẹmu kó lè máa ṣàn, á sì fi eyín ká a padà.

Bí ìyá ọkọ mi ṣe ń yan ọ̀bẹ fún oníbàárà, ẹ óò rò pé ọkọ ló ń yàn fún ọmọ rẹ̀. Ohun tó máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Níbo lo máa dúró sí tí o bá ń lò ó?" Ṣé òkè ni, ṣé ilẹ̀ ni, ṣé inú omi ni. Á gba ọwọ́ rẹ̀, á wo bó ṣe fẹ̀ tó, torí ọwọ́ ńlá lára èkù kékeré, wàhálà ni. Abọ́ omi kan wà lábẹ́ tábìlì. Á ní kó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, kó wá fi ọwọ́ tútù yẹn ṣí ọ̀bẹ, torí pé kò sí ọwọ́ tó ń gbẹ nínú igbó wa. Lẹ́yìn náà, á fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ti etí tábìlì pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Bó bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, inú agolo ló ń lọ, kò ní í tà á mọ́. Ó lè jókòó ti oníbàárà kan ṣoṣo títí ìrun ọ̀sán á fi tó. Èmi Sàfúrátù, ọmọ ogún ọdún, ẹni tó mọ gbogbo nǹkan tán, mo ń wò ó, mo ń sọ nínú ara mi pé ìyá yìí ń fi àkókò ṣòfò.

Ìgbà òjò ni, ó sì lọ ra ọjà ní Èkó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún mi. Òjò máa ń mú kí èkù igi wú, adákẹ́ á sì le bí ilẹ̀kùn tó há. Oníbàárà mẹ́ta ló mú un, tó fà á títí, tó sì dá a padà sórí àtẹ. Ẹ̀kẹta tiẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní kí n lọ pe ọkọ mi wá kó bá òun ṣí i. Ó dùn mí wọra. Bẹ́ẹ̀, nílẹ̀ wa níbẹ̀, kí ni a kì í fi àdín ṣe? Òun la fi ń pa ọmọ lára, òun la fi ń pa ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́, bí àgádágodo bá le, òun náà ni. Mo mú ìyẹ́ adìẹ, mo tì í bọ inú ìgò àdín, mo kán an sí ìdí adákẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo ń ṣí wọn, mo ń ká wọn, títí gbogbo wọn fi rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Mo dúró, mo wo iṣẹ́ ọwọ́ mi, ó wù mí.

Lọ́jọ́ ọjà, àwọn oníbàárà ṣe bí ẹni pé ọ̀bẹ mìíràn ni mo gbé síta. Àwọn ará ìlú ra mẹ́ta. Ẹni tó ra ẹ̀kẹrin ni Orímisàn, adẹ́mu kan tó ní abà lójú ọ̀nà Àjàgbà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èrò pọ̀ níwájú mi lọ́jọ́ náà. N kò gbé abọ́ omi jáde, n kò sì ti ẹ̀yìn ọ̀bẹ sí ara tábìlì. Ó ṣí i, ó ká a, ó yà á lẹ́nu.

Ó ní, "Ó mà rọ̀ o. Ṣé kì í ká mọ́ èèyàn lọ́wọ́?"

Mo ní, "Rárá o. Tuntun ni."

Ó ní òun á fi bẹ̀rẹ̀ àwọn ọ̀pẹ tuntun kan tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ní ẹ̀yìn odò. Ó ní ọmọ mẹ́rin ni òun ń fi ọwọ́ òun bọ́, nítorí náà ni òun ṣe ń béèrè. Mo ti kọjú sí ẹlòmíràn kó tó sọ ọ́ tán.

Ìyá ọkọ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ọjà, kò bú mi. Ó gbé ọ̀bẹ náà sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Ọma mi, líle tí o rí yẹn ni irin ẹ̀yìn rẹ̀. O ti fi àdín yọ ọ́ kúrò. Ojú ọ̀bẹ là ń fi epo pa, a kì í fi pa ìdí rẹ̀."

Ó ké sí ọkọ mi, ó ní kó gun kẹ̀kẹ́ lọ gba mẹ́ta tó wà nínú ìlú. Ó wá bi mí nípa ẹ̀kẹrin. Nígbà tí mo dárúkọ Orímisàn, ó wá ibì kan jókòó.

"Ìyẹn," ó ní, "òkè ló ti ń lò ó."

Ọmọ mi wà lẹ́yìn mi, ọmọ oṣù mẹ́jọ. Ìyá ọkọ mi dìde, ó tú ọ̀já náà fúnra rẹ̀, ó gba ọmọ.

"Ọghọ́ rẹ ló fi àdín sí i," ó ní, bí àwa ṣe ń pe ọwọ́ nìyẹn, "ọghọ́ rẹ ló máa gbà á padà. Bí o bá débẹ̀ tó wà lórí igi, o ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

Mo gbọ́. Lọ́dọ̀ wa, a kì í pe orúkọ ẹni tó wà lórí ọ̀pẹ. Ẹni tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ á yíjú kí ọkàn rẹ̀ tó yí, igbà á sì yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ibi tó ti lè rí ọ lo máa dúró sí, wàá sì máa retí kó fúnra rẹ̀ wò ọ́.

Mọ́tò kan tó ń kó garawa epo lọ sí apá Àjàgbà ló gbé mi. Mo jókòó láàárín àwọn garawa, mò ń ṣírò. Adẹ́mu ń gun ọ̀pẹ láàárọ̀, ó sì tún ń gun ún ní ìrọ̀lẹ́. Ti àárọ̀ ti kọjá lọ. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ pé ọ̀bẹ àtijọ́ rẹ̀ ló mú lọ, pé kó jẹ́ pé ó ń fi tuntun pamọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Kí a tó dé ìdajì ọ̀nà, mọ́tò rì sínú ẹrẹ̀. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó wo táyà, ó tan sìgá. Mo bi í pé ìgbà wo la máa kúrò níbẹ̀. Ó ní bí Ọlọ́run bá fẹ́. Mo ti ń rìn lọ kó tó fẹ́ èéfín rẹ̀ tán.

N kò rìn rí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Mo bọ́ bàtà, mo gbé e lọ́wọ́. Bí mo bá sáré díẹ̀, ọmú á máa dùn mí torí ọmọ kò mu ún láti òwúrọ̀. Ohun tí mò ń rí níwájú mi ni ìka ọkùnrin náà tó yí èkù ọ̀bẹ ká, àti ojú ọ̀bẹ tó ń padé bọ̀ sórí wọn. N kò ro ìsọ̀, n kò ro ohun tí ìyá ọkọ mi máa sọ. Mo kàn ń sọ ọ́ léraléra bí ẹni ń ka tẹ̀síbá pé, "Kó má tíì lò ó, kó má tíì lò ó."

Oòrùn ti yẹ̀ gan-an nígbà tí mo rí abà rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Iná ń jó díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìkòkò, akèrègbè mẹ́ta dúró ti ògiri. Ní ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí abọ́ kan. Omi inú rẹ̀ pupa, àkísà kan sì rì sí i. Mo jókòó sórí ilẹ̀ tútù, mo sọ fún ara mi pé ó ti parí, ó ti parí. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ipa ẹsẹ̀ kan jáde láti ẹ̀gbẹ́ abọ́ náà, ó tuntun nínú ẹrẹ̀, ó kọjú sí odò. Ẹni tó bá ti kú kì í rìn lọ sí odò. Mo dìde, mo tẹ̀ lé e.

Odò náà kò ju orúnkún lọ. Ní ìhà kejì, ọ̀pẹ bíi mẹ́wàá dúró, mo sì rí i lórí èyí tó ga jù. Ó fara ti igbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tẹ ara igi, ó ń so akèrègbè mọ́ ẹnu ibi tí ẹmu ti ń ṣàn. Aṣọ funfun kan tí kò funfun mọ́ wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, wọ́n wé e nípọn. Adákẹ́ mi wà lẹ́nu rẹ̀.

Mo dúró síbi tó ti lè rí mi. Gbogbo ara mi fẹ́ pariwo. Ó yọ ọ̀bẹ náà lẹ́nu, ó fi ọwọ́ tí wọ́n wé yẹn dì í mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ojú ẹmu. Mo di ẹnu mi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ẹ̀mẹta ló gé e. N kò mọ̀ bóyá ìdúró tí mo dúró yẹn ló tọ́, títí di òní n kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sápá ọ̀dọ̀ mi, ó sì rí gèlè mi.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, sà. Ìyàwó ilé Ìye Alọ́bẹ, ní Ìlútítun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo ọ̀bẹ yẹn mọ́. Ẹ rọra sọ̀ kalẹ̀."

Ó wo ọ̀bẹ náà, ó wò mí. Ó ní, "Mo ti rí ọgbọ́n dá sí i. Ìko ni mo fi dè é ní ìdí, kò lè ká mọ́." Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó fẹ́ kí n yin òun. Ó ju ọ̀bẹ náà sílẹ̀ sínú koríko, ó gbá igbà mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀.

Ẹni tó bá ń fi igbà sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi ń gbé okùn náà wálẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ọwọ́ kan kò tó. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kíní, ó gbé e lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó gbé e lẹ́ẹ̀kẹta, mo rí i tí aṣọ ọwọ́ rẹ̀ tún ń pọ́n, igbà sì yọ̀ lápá ọ̀tún. Ó já wálẹ̀ díẹ̀ báyìí. Ó fi àyà lu igi, ó dì mọ́ ọn. Ibẹ̀ ṣì ga ju òrùlé ilé lọ. Kò mira fún ìgbà pípẹ́. Mo ń gbọ́ mímí rẹ̀ láti ibi tí mo wà.

"Ìyàwó," ó ní, kò wo ìsàlẹ̀, "máa bá mi sọ̀rọ̀."

"Kí ni kí n sọ, sà?"

"Ohun yòówù. Tí mo bá ń ro ọghọ́ yìí, kò ní í dì í mú. Sọ ohun tó gbé ọ wá."

Ohun kan ṣoṣo ló gbé mi wá. Bí mo bá ní irọ́ kan lẹ́nu lọ́jọ́ náà, màá ti pa á, torí ẹ̀rù ń bà mí pé bó bá gbọ́ òótọ́, inú á bí i, yóò sì jábọ́. Ṣùgbọ́n kò sí nǹkan mìíràn tó wá sí mi lórí. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní ìyá ọkọ mi lọ sí Èkó. Igbà wálẹ̀ díẹ̀. Mo ní òjò mú kí àwọn ọ̀bẹ le, àwọn èèyàn sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tún wálẹ̀. Mo ní mo mú ìyẹ́ adìẹ, mo ti ìyẹ́ náà bọ àdín.

"Àdín," ó ní lókè.

"Àdín ni, sà. Èmi ni mo fi sí i. Mi ò mọ̀ pé líle yẹn ló ń gbé e dúró."

Ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ibì kan tẹ̀. Ó tún gbé igbà.

Mo ní, "Ẹ bi mí pé ṣé kì í ká mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Mo ní rárá. Mi ò dán an wò kí n tó sọ bẹ́ẹ̀."

Igbà dúró. Mo rò pé mo ti pa á. Mò ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lára igi, ó ń gbọ̀n, n kò mọ̀ bóyá ìbínú ni tàbí àárẹ̀. Omi ń bọ́ lójú mi, n kò nu ún, torí pé n kò fẹ́ gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

"Máa sọ ọ́," ó ní.

N kò ní nǹkan mìíràn láti sọ, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹ́ adìẹ, àdín, ọjà, gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ ọ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀.

Ó jókòó sí ìdí ọ̀pẹ náà, ó tú aṣọ ọwọ́ rẹ̀. Ojú ọ̀bẹ ti gé ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín títí kan egungun. Mo yí gèlè mi kúrò lórí, mo fi wé e. Ó jẹ́ kí n wé e.

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń bú ara mi," ó ní. "Mo ní Ìye Alọ́bẹ kì í ta ọ̀bẹ tí kò dáa. Mo ní èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ọwọ́ mi ló yọ̀."

Ó yẹ kó gbá mi létí, màá sì gbà á. Ohun tó sọ yẹn le ju ìgbátí lọ. Ọkùnrin tó ti ń dá ẹmu kí wọ́n tó bí mi, ó fi gbogbo ọjọ́ kan ka ara rẹ̀ sí aláìmọ̀ọ́ṣe nítorí orúkọ ìsọ̀ wa.

A jọ rìn dé ojú títì, mọ́tò epo yẹn ti jáde nínú ẹrẹ̀, ó gbé wa lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wọ́n rán ọwọ́ náà. Ó jinná, ṣùgbọ́n ìka méjèèjì kò ká mọ́. Ọwọ́ tí kò bá lè ká kò lè di igbà mú. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì gbé àwọn ọ̀pẹ ẹ̀yìn odò náà fún ẹlòmíràn.

Mo rò pé ìyá ọkọ mi á bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ nítorí orúkọ ìdílé. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó gbé àga síwájú ìsọ̀, ó ní kí n jókòó síbẹ̀, kí n sì máa fi ẹnu ara mi sọ ohun tí mo ṣe fún gbogbo ẹni tó bá béèrè ọ̀bẹ. Mo sọ ọ́ títí ohùn mi fi há. Ẹlòmíràn gbọ́, ó lọ. Ọ̀pọ̀ gbọ́, wọ́n dúró, wọ́n ní kí n yan ti wọn fún àwọn. Èyí tún bà mí lẹ́rù ju àwọn tó lọ lọ.

Ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ àṣà kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Bí mo bá ti fi omi àti etí tábìlì dán adákẹ́ wò tán, màá na ìka ara mi sínú ihò èkù, níbi tí ojú ọ̀bẹ ń ká sí, màá ní kí oníbàárà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ẹ̀yìn ọ̀bẹ náà. Bó bá máa ká, èmi ni kó ká mọ́. Ó ti gé mi lẹ́ẹ̀mejì, àpá rẹ̀ wà níbí. Ìyá ọkọ mi rí i, kò sọ pé kí n ṣe é, kò sì sọ pé kí n má ṣe é.

Nígbà ọyẹ́, Orímisàn wá sí ìsọ̀. A kò tíì rí i láti ìgbà tí wọ́n ti rán ọwọ́ rẹ̀. Ó ti ń hun ìgèrè báyìí, èyí tí àwọn Ìlàjẹ fi ń pẹja, ó sì ń tà á fún wọn bí wọ́n bá gbé ẹja gbígbẹ wá sí ọjà. Ó ní òun fẹ́ ọ̀bẹ tí òun á máa fi la imọ̀ ọ̀pẹ fún ìgèrè, lórí ìjókòó, nílẹ̀. Ìyá ọkọ mi dìde kánkán, ó fẹ́ gba ọwọ́ rẹ̀ wò. Orímisàn rọra fà á padà.

"Ẹ má bínú, Ìye," ó ní. "Ìyàwó ni kó yàn án fún mi."

Mo mú adákẹ́ mẹ́fà, mo dá márùn-ún padà. Mo wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìka méjì tó nà gbọọrọ tí kò lè ká mọ́, mo wá èkù tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìka mẹ́ta lè dì mú. Mo gbé abọ́ omi jáde. Mo ti ẹ̀yìn rẹ̀ sí tábìlì títí tábìlì fi sún. Lẹ́yìn náà mo na ìka mi sínú ihò èkù, mo gbé ọ̀bẹ náà síwájú rẹ̀, mo ní kó tì í.

Kò tì í. Ó dì mí mú ní ọrùn ọwọ́, ó sì yọ ìka mi kúrò lábẹ́ ojú ọ̀bẹ náà.

"Fi sílẹ̀," ó ní. "Ọghọ́ kan tó."

Ó ká ọ̀bẹ náà, ó kì í bọ àpò láìdán an wò, ó sì kí wa pé ó dàárọ̀. Mo wọ ẹ̀yìn ìsọ̀ lọ, mo sunkún títí ọmọ mi fi jí.